Omi wà nílẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ igi: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí igi kúkúrú inú ilẹ̀ oníyọ̀

Ohun tí ó máa ń ya ẹni tó bá gbin irú igi yìí lẹ́nu ni pé wọ́n ti sọ fún un pé iyọ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan, igi náà sì tún ń ṣàìsàn. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí.

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni mo ń bu omi díẹ̀ díẹ̀ sí igi mi. Bí mo bá ki ìka bọ ilẹ̀, ó tutù. Síbẹ̀ ewé ń rọ bí ìgbà tí ọ̀dá dá. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Òùngbẹ náà ni. Omi wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti dì í mú. Inú omi tí nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yọ́ sí ni omi ti máa ń lọ sínú èyí tí nǹkan yọ́ sí dáadáa. Bí omi inú gbòǹgbò bá ki ju ti ilẹ̀ lọ, omi ilẹ̀ á wọlé fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ní iyọ̀ ju inú igi lọ, omi kò ní wọlé mọ́, ó tiẹ̀ lè máa jáde. Ẹni tó bá ti rí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí lára ti rí ohun tí mò ń sọ yìí.

Ọgbọ́n tí igi inú ilẹ̀ oníyọ̀ dá sí i ni pé òun náà ń gba iyọ̀ sára, kí omi inú rẹ̀ lè ki ju ti ilẹ̀. Ewu sì wà níbẹ̀, nítorí iyọ̀ kan náà yìí máa ń ba iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Igi náà á wá kó iyọ̀ sínú àpò ńlá kan tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní apá tóóró tó ṣẹ́ kù, níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ, á kó àwọn èròjà tí kì í pa á lára sí i, bíi proline àti glycine betaine, kí méjèèjì lè dọ́gba. Iyọ̀ wà nínú yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo èyí ń ná igi náà lókun, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yára dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ tó dára.

Ní ti igi tiyín, omi díẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, oòrùn á gbé omi lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ á kù sílẹ̀, ti ọ̀la á tún lé e. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó bomi rin ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ bu omi náà kó pọ̀, kó lè ti iyọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Bí omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 bá gba inú ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá, ó máa ń kó nǹkan bí ìdajì iyọ̀ rẹ̀ lọ; bí omi náà bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, á kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Omi náà gbọ́dọ̀ ríbi gbà lọ o, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ omi oníyọ̀. Ẹ kó ewé gbígbẹ bo ìdí igi náà kí oòrùn má baà máa fa omi sókè. Ẹ fa ọwọ́ ajílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú ajílẹ̀ inú àpò.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bo ewé Atriplex mi, ọ̀kan nínú àwọn igi kúkúrú inú ilẹ̀ oníyọ̀ yìí. Mo ti fín oògùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ.

Ìdáhùn: Ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ó jọ pé ara líle ni ẹ̀ ń wò sàn. Ẹ já ewé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú wò ó. Ẹ máa rí àwọn àpò róbótó róbótó tí wọ́n mọ́ gaara bí ìfófò ọṣẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sórí ẹsẹ̀ kúkúrú, tí wọ́n fún mọ́ra wọn débi pé ẹ kò ní rí awọ ewé náà. Inú wọn ni igi ń da iyọ̀ tó pọ̀ jù sí. Bí ewé bá ń dàgbà, wọ́n á bẹ́, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sì di ẹ̀fun funfun tí ẹ̀ ń rí yẹn. Ó tún ń dá oòrùn padà lára ewé. Ẹ bá fi ahọ́n kàn án kí ẹ mọ̀ pé iyọ̀ ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oògùn tí ẹ ti fín, mi ò ní rán yín.

Àrùn máa ń wá ní ojú kan ojú kan, ewé á sì máa pọ́n tàbí kó ká kò lábẹ́ rẹ̀. Funfun ti Atriplex máa ń dọ́gba, ó sì máa ń wà lójú ewé àti lẹ́yìn rẹ̀.

Tamarix, òmíràn nínú àwọn igi yìí, ní ọ̀nà tirẹ̀. Kò ní àpò bẹ́ẹ̀. Ojú ihò kéékèèké ló wà lára ewé rẹ̀ tó ń ti omi oníyọ̀ jáde. Ní àárọ̀ kùtù, ẹ lè rí i tí ìrì tó wà lára rẹ̀ ń kán sílẹ̀, bí oòrùn bá sì mú, iyọ̀ á ṣẹ́ kù lára ewé. Èyí tó kán sílẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí òkè ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ máa le fún àwọn ewéko mìíràn.

Ìbéèrè: Igi mi la ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá lórí ilẹ̀ oníyọ̀. Òjò dé, omi dúró sí ìdí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kú. Ṣé kì í ṣe pé òjò ló yẹ kó fọ iyọ̀ lọ ni?

Ìdáhùn: Òjò tó bá ń ṣàn lọ ló ń fọ iyọ̀. Èyí tó dúró ń pa. Gbòǹgbò ní agbára tó fi ń dá ọ̀pọ̀ iyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó sì fi ń ṣa pòtásíọ̀mù tó nílò láàárín sódíọ̀mù inú iyọ̀ tí kò fẹ́. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí omi bá bo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tán níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sùn lọ, iyọ̀ rọ́ wọlé. Igi tó lè fara da iyọ̀ nìkan, tó sì lè fara da àkúnya omi ọjọ́ díẹ̀ nìkan, àpapọ̀ wọn lè pa á.

Àwọn kan á ní igi ẹ̀bá òkun ńkọ́, tó ń gbé inú omi tí lítà kan rẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀? Ìyẹn ti múra sílẹ̀. Avicennia ń yọ gbòǹgbò tó dúró ṣánṣán bíi pẹ́ńsùlù láti inú ẹrẹ̀ wá sókè láti mí; Rhizophora ń na gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Atriplex kò ní irú rẹ̀.

Ẹ kọ ebè, kí omi lè máa gba poro lọ. Bí ó bá jẹ́ inú poro ni ẹ̀ ń bomi rin sí, ẹ má gbin igi sórí téńté ebè, torí ibẹ̀ ni omi ń fà iyọ̀ lọ jọ sí. Ẹ̀gbẹ́ ebè ló dára.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kò sí iyọ̀ tí igi yìí kò lè jẹ, kí ló dé tí hóró rẹ̀ kò hù?

Ìdáhùn: Ọmọ kò tíì lágbára àgbà. Èèpo tó bo hóró Atriplex gan-an ní iyọ̀ nínú; òjò gidi ló ń fọ̀ ọ́ lọ, òjò yẹn kan náà ló sì máa ti fọ òkè ilẹ̀ kí ọmọ tó yọjú. Ẹ rẹ hóró náà sínú omi, ẹ máa pààrọ̀ omi náà, tàbí kí ẹ bó èèpo rẹ̀. Ẹ fi omi tó dára tọ́ ọ ní nọ́sìrì, kí ẹ wá máa mú un mọ iyọ̀ díẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ẹ tó gbé e lọ sóko.

Ìbéèrè: Ṣé kí n da jípísọ̀ọ̀mù, òkúta lílọ̀ tó ní kálísíọ̀mù nínú, sí ilẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kù sí irú ilẹ̀ tí ẹ ní. Ẹ mú èyọ ilẹ̀ gbígbẹ kan tó tó orí ìka, ẹ rọra gbé e sínú ife omi òjò, ẹ má rò ó, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi yí i ká bá rú bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, sódíọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ ilẹ̀ náà, ó sì ti tú u ká. Níbẹ̀, kálísíọ̀mù inú jípísọ̀ọ̀mù á lé sódíọ̀mù kúrò, omi á sì gbé e lọ. Bí èyọ náà bá wó lulẹ̀ ṣùgbọ́n tí omi mọ́ kedere, iyọ̀ lásán ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, jípísọ̀ọ̀mù kò ní mú un kúrò; omi nìkan ló lè ṣe é. Bí ẹ bá gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ wo ìwọ̀n bí iná ṣe ń gba inú omi ilẹ̀ náà kọjá: láti dS/m 4 (dS/m ni ẹyọ ìwọ̀n náà) sókè ni wọ́n ti ń pè é ní ilẹ̀ oníyọ̀.

Ìbéèrè: Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, ó ń já. Ṣé ó ti ń kú?

Ìdáhùn: Bí ọ̀mùnú bá tutù yọ̀yọ̀, rárá. Inú ewé àgbà ló ń kó iyọ̀ sí kó tó jù ú nù. Ẹ ṣa ewé tó já kúrò nídìí rẹ̀, kí iyọ̀ má baà padà sílé. Ti ìdí rẹ̀, ẹ wá ewé mìíràn bò ó. Àmọ́ bí etí ewé tuntun bá ń jó, iyọ̀ ti borí ẹ̀ṣọ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbìn ín fún ọdún mélòó kan, ṣé á fa iyọ̀ ilẹ̀ náà tán?

Ìdáhùn: Ẹ má gbára lé ìyẹn. Iyọ̀ tó ń bá ewé lọ kéré sí èyí tó wà nílẹ̀, bí ewé bá sì já síbẹ̀, kò tíì lọ síbì kankan. Iṣẹ́ tó ṣe gúnmọ́ ni pé gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi ìsàlẹ̀, kó má baà gòkè. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi oníyọ̀ bá yọ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni iyọ̀ yín ti ń wá, ẹ sì máa wo bóyá omi náà ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún.