Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná fún káfíńtà: igi, omi, àti ìgúnpá ẹni tó ń dáná

Ọdún kejì tí a kó dé ilé tí a ń gbé báyìí n'Íbàdàn ni abẹ́ síǹkì wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. MDF ni wọ́n fi kan kábínẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n wá lẹ ike tó ń dán mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, gbogbo àlejò ló ń kí wa kú oríire. Omi tó ń kán láti ìdí páìpù kò tó ife kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni MDF. Bó bá ti mu omi, ó wú nìyẹn, kò sì ní padà sípò mọ́. A kó gbogbo rẹ̀ dànù. Èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, igi gidi ni, káfíńtà àdúgbò ló fọwọ́ kàn án, ohun tí mo sì rí kọ́ nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ń múra àtiṣe tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń béèrè bóyá igi gidi kò ní run igbó. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ọdún mélòó ni nǹkan yìí máa lò nílé mi? Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ti wá.

1. Ẹ wọn ara ẹni tó ń dáná kí ẹ tó wọn ògiri

Ìwọ̀n tí àwọn káfíńtà mọ̀ lórí ni 36 ínǹṣì ní gíga, 24 ínǹṣì láti ẹ̀yìn dé iwájú. Kì í ṣe gbogbo ara ló bá a mu. Kí ẹni tó ń dáná jù nínú ilé dúró láìwọ bàtà, kó ká apá rẹ̀, kí ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, kí ẹ sì yọ 4 sí 6 ínǹṣì kúrò. Èyí tó kù ni gíga ibi tí yóò ti máa gé ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yìn kò fi ní dùn ún.

Ibi tí gáàsì máa jókòó sí tún yàtọ̀. Ìwé tó wá láti òkè òkun kò mọ̀ pé a ń ro ọkà. Ẹni tó ń rokà ní láti tẹ ọmọrogùn láti òkè wá, tí ìkòkò bá sì ga dé àyà rẹ̀, agbára wo ló kù? Nígbà tí ìyá mi rí àwòrán tí a kọ́kọ́ yà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé orí àpótí ni kí n gùn rokà ni?" A sọ apá ibẹ̀ kalẹ̀ sí 28 ínǹṣì. Nǹkan kan ṣoṣo nìyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí rà ní ṣọ́ọ̀bù, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gbéṣẹ́ fún ẹni tó máa kàn án sí ara yín.

Ní ti sílíńdà, ìta ló dára jù kó wà, kí rọ́bà rẹ̀ gba inú ògiri wọlé. Bó bá di dandan kó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò afẹ́fẹ́ sí, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí.

2. Ẹ tọpa omi

Ẹ mú bíírò, kí ẹ ya gbogbo ibi tí omi máa ń dé: abẹ́ síǹkì, ibi tí mọ́ọ̀pù ń nù, òkè gáàsì tí ooru ọbẹ̀ ń gbà. Lábẹ́ síǹkì, mi ò gba igi kankan láyè mọ́. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré la fi mọ ibẹ̀, a lẹ táìlì sí i, ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló jẹ́ pákó. Àwọn kan á ní kò bá ìgbà mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn kábínẹ́ẹ̀tì yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ẹsẹ̀, bí 4 ínǹṣì. Ìgbálẹ̀ á ráyè wọlé, ẹ ó sì tètè rí ikán, torí pé ikán máa ń mọ ọ̀nà erùpẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ ni. Kábínẹ́ẹ̀tì tó bá fìdí kalẹ̀ gbọọrọ, inú rẹ̀ ni ikán á ti jẹun yó kí ẹ tó gbọ́.

3. Ẹ yan igi gẹ́gẹ́ bí ibi tó máa wà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ká ní ìrókò la fẹ́ látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni pé ikán kì í fẹ́ràn ìrókò, omi kì í sì tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n igi tó ṣòro láti gbìn lọ́pọ̀ ni. Kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma máa ń ba lé ewé rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ewé á lé kókó, ọ̀mùnú á kú. Nítorí náà, ìrókò tí a ń là lónìí, inú igbó àti oko àwọn tó ti wà ṣáájú wa ló ti ń wá, èyí tó sì máa rọ́pò rẹ̀ kò tó nǹkan. Níbi tó bá ti pọn dandan ni mo fi í sí: férémù tó sún mọ́ omi, àti pákó orí tí a ń gé nǹkan lé. Ẹ kìlọ̀ fún káfíńtà kó fi nǹkan bo imú, nítorí eruku ìrókò máa ń fa ikọ́ àti ara yíyún. Tí ayùn rẹ̀ bá sì kọlu nǹkan líle bí òkúta láàárín pákó, kó má bínú sí yín. Òkúta ìrókò ni, inú igi náà ló ti ń ṣù jọ.

Ọ̀gànwó rẹwà, pupa rẹ̀ kì í sú ojú. Níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run, tó wáyé ní Panama ní 2022, wọ́n fi ọ̀gànwó àti igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí ìtì wọn, pákó wọn àti pláíwúùdù wọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Kò dí wa lọ́wọ́ láti rà á ní ọjà pákó Bódìjà, àmọ́ ó yẹ kó jẹ́ ká mọ̀ pé kò pọ̀ bíi ti àtijọ́. Ẹni tó wà ní London tó ń ronú àtikó pákó ọ̀gànwó ránṣẹ́ láti ilé, kó rántí pé òfin Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó pákó lílà jáde.

Igi tí mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lé lórí ni tíìkì àti mẹláínà. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá, ènìyàn ló sì ń gbìn wọ́n níhìn-ín: tíìkì wà ní igbó ọba Olókèméjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1899, mẹláínà sì wà nínú igbó ọba Ọmọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti gbìn ín láti fi ṣe pépà. Wọ́n ń tètè dàgbà, wọ́n sì ṣeé tún gbìn. Ẹ kàn ṣọ́ra fún tíìkì kékeré: ara funfun tó yí i ká kò ní agbára, ikán ń jẹ ẹ́. Àárín rẹ̀ tó pọ́n ni kí ẹ rà. Mẹláínà ní tirẹ̀, àwọn káfíńtà máa ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé ó funfun. Òun ni gbogbo pẹpẹ òkè ilé ìdáná wa, kò tíì ṣẹ́, kò tíì yẹ́.

Igi ọmọ fúyẹ́, àwọn agbẹ́lù mọ iyì rẹ̀. Ó dára fún ilẹ̀kùn òkè tí a kò fẹ́ kó wúwo. Afárá dára fún inú. Arère, inú dúrọ́ọ̀ níbi gbígbẹ nìkan, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń kùn ní pupa tí wọ́n á ní ọ̀gànwó ni. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ibi kọ́rọ́ kan: tí abẹ́ bá funfun, ẹ dá a padà.

Kí n má gbàgbé pákó ilé wíwó. Òpó ìrókò tí ilé àtijọ́ fi ṣe àjà ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò tún ní yẹ́ mọ́, ẹ ò sì ní gé igi kankan. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n yọ ìṣó ara rẹ̀ tán kó tó kan ayùn.

4. Ẹ bá káfíńtà lọ ra pákó

Ní Bódìjà o, ní ọjà pákó mìíràn o, gbogbo olùtajà ló máa sọ pé pákó òun ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹyọ kékeré kan láti àárín pákó, kì í ṣe láti ìdí rẹ̀ tí oòrùn ti pa. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, kí ẹ tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú àwọn pákó yòókù. Ẹ to pákó náà síbi tí òjò ò dé, kí ẹ máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá, kí ẹ sì ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ sùúrù yìí ló ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́, torí ilé ń dúró, ìyàwó ń bínú, káfíńtà ń wá owó.

Ẹ béèrè igbó tí ìtì náà ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fi òòlù tẹ àmì sára ìtì tí wọ́n ti san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti là á, àmì náà ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n ra ìtì, kí wọ́n là á lójú mi, bí owó bá gbà bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ má wo fọ́tò orí fóònù rẹ̀. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti kan kábínẹ́ẹ̀tì sí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ṣé ìṣó nìkan ló so igun rẹ̀ pọ̀, àbí ó gbẹ́ ihò sí ọ̀kan tó sì ki ahọ́n èkejì bọ̀ ọ́?

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ bi í jù. Pákó máa ń wú lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́. Férémù ilẹ̀kùn ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Pákó àárín gbọ́dọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kòtò rẹ̀, láìsí gọ́ọ̀mù, kó lè mí. Mo sọ ọ́ fún káfíńtà tèmi, ó rẹ́rìn-ín: "Màdámù, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, àyà ló ń já mi." Ó wá fi ilẹ̀kùn kan tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kàn hàn mí, pákó àárín rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo àdéhùn sílẹ̀: igi wo níbo, ìwọ̀n wo, ọjọ́ wo. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta, kí ìkẹyìn dúró de ọjọ́ tí gbogbo dúrọ́ọ̀ bá fà geere.

6. Kíkùn

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kun iwájú àti ẹ̀yìn pákó bákan náà. Èyí tí wọ́n bá kùn ní ojú kan, ojú kejì ni yóò máa mu omi, ni yóò bá tẹ̀. Fáníṣì dára fún ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n pákó tí ọ̀bẹ ń kàn, òróró linseed tí a kò po nǹkan mọ́ ló yẹ ẹ́. Kí wọ́n sá àkísà tí wọ́n fi kùn ún síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láti padé ní oṣù keje, ẹ má tíì pe káfíńtà kó wá fá a. Ẹ dúró di ìgbà ọyẹ́. Tèmi padé fúnra rẹ̀ ní oṣù kejìlá.