Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka kan gògóńgò rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ìró z àti v kò sí nínú Yorùbá, “zip” sábà máa ń di “sip” lẹ́nu àwọn ọmọ wa, “van” a sì di “fan”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn wí. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka lé gògóńgò, kí ó fa s gùn, kí ó sì yí i sí z láìdá èémí dúró. Ìka rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀fun ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni f àti v. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi hàn wọ́n pé s tó ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀ nínú “dogs”, z ni à ń pè é, ṣùgbọ́n nínú “cats”, s náà ni.