Bí a ṣe ń ka àbájáde ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún oògùn olóró

Ní Kétu níbí, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń fi zémijàn gbé èrò, tó sì ń gbé trámádọ́ọ̀lù mì lójoojúmọ́, bi mí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí òun gbọ́ nípa rẹ̀, ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Bí a ṣe ń wá ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ẹ mú kàyé ìṣirò tó ní àpótí kéékèèké, bíìkì dúdú kan àti pupa kan. Ẹni tí kò bá ní kàyé, kó to hóró ẹ̀wà sórí ẹní. Èmi kì í fi kọ̀ǹpútà ṣe é, nítorí àmì tí a fọwọ́ ara wa fi síbẹ̀ kì í fo ojú.

Ẹ wo oògùn tí abẹ́rẹ́ náà wà fún. Ti kokéènì kò kan trámádọ́ọ̀lù rárá. Kokéènì kéré jù fún ara láti dá mọ̀, nítorí náà nínú abẹ́rẹ́ kokéènì tí wọ́n ń pè ní TA-CD, wọ́n so ó mọ́ apá kan lára májèlé kòkòrò onígbáméjì, apá tí kì í ṣeni léṣe. Ara á wá ṣe àńtíbọ́dì, ìyẹn ọmọ ogun ara, tó ń gbá kokéènì mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó má baà wọ ọpọlọ.

Ìpíndọ́gba ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó mọṣẹ́ dunjú, tó ro iye àńtíbọ́dì inú àtẹ kan pọ̀, ó fi iye ènìyàn pín in, ó ní abẹ́rẹ́ náà "dáa díẹ̀". Ẹnì kan kò sì sí nínú àtẹ yẹn tí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: ti àwọn kan ga fíofío, ti àwọn mìíràn kò tó nǹkan. Bí abọ́ gàrí kan bá kún, tí èkejì ṣófo, ta ló máa sọ fún ọmọ tó di èyí tó ṣófo mú pé ó ti jẹ ìdajì abọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in. Ẹnì kan, àmì dúdú kan nínú kàyé, bí iye àńtíbọ́dì rẹ̀ ṣe ga tó. Bí ìwé náà kò bá fi ti ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn, ẹ wá iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wá fi bíìkì pupa fa ìlà ààlà, ìyẹn iye àńtíbọ́dì tí àwọn olùṣèdánwò kà sí èyí tó tó. Nínú ìdánwò TA-CD tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, ènìyàn 115 ló kópa, abẹ́rẹ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ààlà wọn jẹ́ máíkírógíráàmù àńtíbọ́dì 43 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Nínú àwọn tó gba ojúlówó abẹ́rẹ́ (àwọn kan gba èyí tí kò ní oògùn nínú), ìdá 38 nínú 100 péré ló dé ibẹ̀. Ìtọ̀ tí kò ní kokéènì jẹ́ ìdá 45 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó dé ààlà, 35 lọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ẹ má tíì yọ̀. Ara tó ṣe àńtíbọ́dì púpọ̀ lè yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù kí abẹ́rẹ́ tó dé. Nínú ìdánwò TA-CD ti 2014, tó gba ènìyàn 300, ìdá 67 nínú 100 àwọn tó gba ojúlówó ló kọjá ààlà, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń wá gan-an, pé kí abẹ́rẹ́ náà dín lílo kokéènì kù, kò jáde. Nítorí náà, mo máa ń padà fi gbogbo àwọn tó gba ojúlówó wé gbogbo àwọn tó gba èyí tí kò ní oògùn nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ní 2009 yẹn, nǹkan bí oṣù méjì péré ni ààbò fi tó. Ìwé tí kò bá sọ ọ̀sẹ̀, èmi kì í kà á fún ìyá ọmọ kankan.