"Mi ò rí àpótí o": ìdáhùn fún àwọn tó ń wá lẹ́tábọ́ọ̀sì ní Dartmoor

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ará wa láti Plymouth lọ sí Dartmoor, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ wá lẹ́tábọ́ọ̀sì. Àpótí kékeré ni, abẹ́ àpáta ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí. Òǹtẹ̀ rọ́bà àti ìwé àlejò ló wà nínú ẹ̀: ẹ ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ ó tẹ tiyín sínú tirẹ̀. Ọdún 1854 ni James Perrott, tó ń mú àlejò rìn káàkiri ibẹ̀, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool, ibì kan láàárín Dartmoor, kí ẹni tó bá débẹ̀ lè fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá lọ tó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, èmi ló máa pè. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Mo rí àpótí, ṣùgbọ́n kò sí yíǹkì nínú ẹ̀.
Ẹ gbé tiyín dání.

Fóònù mi ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ti ní rí i. Ẹ ra máàpù oníbébà.

Àsíá pupa wà lórí òkè. Ṣé kí n máa lọ?
Rárá! Sójà ń yìnbọn. Apá àríwá ni pápá wọn wà: Okehampton, Merrivale àti Willsworthy. Cranmere Pool gan-an wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa yìnbọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó kí ẹ tó wọ bàtà. Ẹnì kan bi mí pé tí òun bá sáré kọjá ńkọ́. Mi ò dá a lóhùn.

Eégbọn lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.
Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un nítòsí awọ, ẹ fà á jáde láìfún un. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n, tí pípọ́n náà ń fẹ̀ sí i, ẹ lọ rí dókítà.

Ìjúwe ibi tí àpótí wà ní kí n rin ìṣísẹ̀ 12. Mo ka 12, kò sí nǹkan kan.
Ìṣísẹ̀ ta ni? Ẹ wá a láti 9 dé 16. Ẹ wo ihò abẹ́ àpáta tí òkúta kan dí lẹ́nu bíi pé ẹnì kan gbé e síbẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀. Ẹ má gbẹ́lẹ̀, ẹ má sì tú ògiri òkúta olókùúta.

Wọ́n ní igi kẹta, mi ò rí igi rárá.
Wọ́n ti gé e. Gẹdú ni wọ́n gbin igbó Bellever fún. Ẹ di àpáta mú, ẹ fi igi sílẹ̀.

Mo tẹ̀lé kọ́ńpáàsì dáadáa, síbẹ̀ ó ṣì mí lọ́nà.
Èyí fojú mi rí màbo. Àpótí kan wà nínú igbó Bellever, lẹ́bàá Postbridge, tí mo wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjúwe rẹ̀ ò le: dúró síbi tí orí Bellever Tor, òkè olápàáta kan, ti wà ní dígírì 210 lójú kọ́ńpáàsì, tí igun ògiri kan sì wà ní 95. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àárín igi wíwó ni mo bá ara mi, omi mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní ìjúwe ló gbó. Kì í ṣe irọ́ pátápátá: àríwá tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí máa ń sún díẹ̀díẹ̀, ìjúwe ọdún 1980 sí 1989 sì lè fi dígírì mélòó kan yàtọ̀ sí tòní. Dígírì 5 péré, lórí ìrìn 100 mítà, ti gbé yín yẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 9. Mo rò ó, mo yọ ọ́, mo padà lọ. Òfo. Mo ra kọ́ńpáàsì tuntun. Òfo.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tẹjú mọ́ ọn lọ́wọ́ mi nígbà kẹta. "Dádì, ó ń jó." Ó gbà á, ó rìn sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ yí. Ó sún mọ́ mi, ó tún yí padà. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi wà lápò àyà, òòfà ni wọ́n fi ń pa ìdérí àpò aláwọ rẹ̀ dé, iwájú àyà náà ni mo sì máa ń gbé kọ́ńpáàsì sí! Dígírì bíi ogún ló ń fà á. Mo gbé fóònù lé òkúta, mo rìn jìnnà sí i, mo tún un wò. Àpáta tí mo jókòó lé jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kángun sí. Òwìwí ló wà lórí òǹtẹ̀ náà, ojú rẹ̀ sì jọ tẹni tó ń fini ṣẹ̀sín.

Nítorí náà, fóònù, kọ́kọ́rọ́, fúláàsì onírin, báàgì tó ní òòfà, gbogbo ẹ̀ kúrò nítòsí kí ẹ tó wo abẹ́rẹ́. Ẹ má sì kó kọ́ńpáàsì àti fóònù sápò kan náà nílé: òòfà lè yí abẹ́rẹ́ lórí kodò, kó máa pe gúúsù ní àríwá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ní aago kan ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, ẹ kọjú sí oòrùn, gúúsù lẹ ń wò yẹn. Bí orí pupa abẹ́rẹ́ bá ń wo oòrùn pẹ̀lú yín, ẹ jù ú nù.

Kùrukùru bò wá, a ò mọ ibi tí a wà, ẹsẹ̀ ẹnì kan sì ti rì sínú irà.
Ẹ má pe èmi. Ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí wọ́n fi yín lé àwọn adóòlà orí òkè lọ́wọ́. Ẹ wọ gbogbo aṣọ tó wà nínú báàgì, kí ẹ sì jókòó sójú kan.