Bí A Ṣe Ń To Apá Ẹ̀rọ Àwo Àtijọ́ Tí Iná Ń Darí

Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ Japan bíi JVC, Sony àti Denon ṣe ẹ̀rọ àwo tó jẹ́ pé iná ló ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ àwo. Kọ́ìlì àti mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nídìí apá rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ dání. Àwọn náà ló ń pa ìgbọ̀n apá nígbà tí àwo bá ti wọ́. Sony pe tirẹ̀ ní Biotracer. JVC QL-Y5F la máa fi ṣàlàyé níbí, bọ́tìnnì mẹ́ta ló ní: ti ìwúwo abẹ́rẹ́, ti anti-skating (tí kì í jẹ́ kí apá yọ̀ lọ sí àárín àwo) àti ti Q-damping (tó ń pa ìgbọ̀n apá).

Kí ẹ tó ki wáyà bọ iná, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan, 100 volt ló ń jẹ. Iná 230 volt ti Nàìjíríà á jó o, nítorí náà ẹ fi stepdown tó ń sọ iná di 100 volt sí i.

Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi lẹ́fẹ̀ẹ́lì bíríkìlà wò ó. Bó bá dagun, apá á máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì rò pé iná ló bàjẹ́.

Ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́ kúrò, torí òun náà ní ìwúwo. Ẹ yí bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 0, kí ẹ tan iná. Ẹ wá máa yí irin ẹ̀yìn apá díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi léfòó lọ́gbọọgba, tí kò ní rì, tí kò ní yọrí. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Iye tí ẹ bá béèrè nìkan ni iná ń fi kún un. Bí ìdọ́gba yìí bá ti yẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó wà lójú bọ́tìnnì di irọ́.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n abẹ́rẹ́ tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà sórí àwo tí kò yí. Ẹ yí bọ́tìnnì ìwúwo sí 1, sí 1.5 àti sí 2 gíráàmù, kí ẹ wọn ọ́n níbi kọ̀ọ̀kan:

- Bí àṣìṣe bá jẹ́ iye kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún ìdọ́gba ṣe.
- Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, kọ́ńtíróòlù tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì ló dọ̀tí. Ẹ yọ wáyà kúrò nínú iná, ẹ fín contact cleaner (oògùn tí a fi ń fọ ojú ibi tí iná ń gbà) sí i, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà 30.
- Bí àṣìṣe bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń yí bọ́tìnnì sókè, kọ́ńtíróòlù kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù inú ló fẹ́ àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà sàmì sí ibi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Fún kátíríìjì (orí tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀) AT-VM95E ti Audio-Technica, ẹ fi ìwúwo sí 2 gíráàmù, kí anti-skating náà wà ní 2. Ti Q-damping, etí nìkan kò tó: ẹ lu àwo tó wọ́, kí ẹ máa wo bébà súpíkà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì sókè láti 0 títí ìjó bébà náà á fi rọlẹ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Bí apá bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe kí kápásítọ̀, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù inú, ti gbẹ. Kí èyí tí ẹ máa fi rọ́pò jẹ́ µF (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) kan náà, kí volt rẹ̀ má kéré sí ti àtijọ́, kí ẹ sì má ṣi plus gbé sí minus. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó tún ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀ láti 0.