Bí Mo Ṣe Ń Da Táǹkì Ìgbọ̀nsẹ̀ RV Wa Láì Jẹ́ Kó Kán Sí Mi Lára

Nílé wa, Bàbá Kẹ́mi ló ń wakọ̀, èmi ni mo máa ń da táǹkì. A kò jà sí i rárá. Ọkùnrin tó lè fi píkọ́ọ̀pù fa RV, ilé alágbèéká tí a ń sùn nínú rẹ̀ lọ́nà àjò, láti Houston dé New Mexico láì kùn, tó bá ti gbóòórùn táǹkì báyìí, èébì ló kàn. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tó ń jáde lára ọmọ èèyàn kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí àbúrò mi ní Ìbàdàn gbọ́, ẹ̀rín pa á: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé agbépòó lẹ wá lọ dà ní Amẹ́ríkà?" Mo ní agbépòó ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó lè wọ aṣọ funfun ṣiṣẹ́. Tọkọtaya kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiwọn, ìbéèrè wọn kò sì tán lórí fóònù, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Táǹkì ìdọ̀tí méjì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú ló ń gba ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀; èyí tí wọ́n ń pè ní eérú ló ń gba omi ìwẹ̀ àti omi abọ́. Nínú ọ̀pọ̀ RV, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà tó 30 sí 40 gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn 8 lọ, a jẹ́ pé táǹkì 40 gálọ́ọ̀nù tó kún ju pọ́n-ùn 300 lọ. Ohun tó dá gbogbo ẹrù yẹn dúró kò ju abẹ pẹlẹbẹ kan tó ń wọlé jáde láàárín rọ́bà méjì: òun ni fáàfù. Táǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù àwọn méjèèjì pàdé níwájú, wọ́n di ẹyọ kan tó fẹ̀ tó ínṣì 3, ẹnu òun la fi ìdérí dé.

Ohun tó ń dà sí èèyàn lẹ́sẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tó wà nínú táǹkì. Ohun tó ti jò kọjá fáàfù ni, tó ti jókòó sínú páìpù kékeré àárín fáàfù àti ìdérí, tó ń retí ẹni tó máa ṣí i. Tíṣù díẹ̀ tó há sí ojú ihò tóóró tí abẹ fáàfù ń wọ̀ ti tó láti má jẹ́ kó pa dé dáadáa. Ẹ ó máa wakọ̀ lọ, òun náà á máa kán tó, tó, tó. Kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ, páìpù yẹn ti kún. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dojú kọ ìdérí, á yí i. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Nítorí náà, kò sí ìdérí tí mo ń ṣí tí mi ò gbà pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù. Mo wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílípáàsì sílé. Mo gbé korobá kékeré sábẹ́ ẹnu páìpù. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò dúró síwájú. Kí n tó fọwọ́ kan ìdérí, mo ti ọwọ́ fáàfù méjèèjì wọlé dé òpin, torí ọ̀nà jágajàga lè sún un jáde díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí ìdérí, kó kàn tú, kó má tíì kúrò. Mo sì dúró wò ó. Tó bá gbẹ, mo yọ ọ́. Tí mo bá rí i tó ń kán, mo dá a padà kíá.

Tó bá ń kán ńkọ́? Àwọn ìdérí kan ní ẹnu kékeré láàárín, tó ní ìdérí tirẹ̀, tó sì bá ẹnu họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà mu. Irú rẹ̀ ni kí ẹ rà tí tiyín kò bá ní in. Ẹ so họ́ọ̀sì kúkurú mọ́ ẹnu kékeré yẹn, ẹ ti orí kejì bọ inú ihò ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń da táǹkì, kí ohun tó ti jò rọra ṣàn lọ kí ẹ tó ṣí ìdérí ńlá. Ìwọ̀nba tó bá kán kí họ́ọ̀sì tó wọ̀, korobá á gbà á. Họ́ọ̀sì yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni mo rà, ibi ọ̀tọ̀ ni mo ń kó o sí, kì í sún mọ́ họ́ọ̀sì omi mímu láéláé.

Bó bá jẹ́ pé owó ohun kan ṣoṣo lẹ ní, fáàfù àfikún ni kí ẹ fi rà. Ẹnu páìpù níta ló ń kọ́ mọ́, bí ìdérí ṣe ń kọ́ mọ́ ọn gẹ́lẹ́, kò ní púlọ́ńbà nínú. Ẹ máa wá fi ìdérí dé òun náà. Ohun tó bá jò láti inú, ẹ̀yìn fáàfù tuntun yìí ló máa dúró sí, ìdérí á gbẹ. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ da á, ẹ yọ ìdérí, ẹ so họ́ọ̀sì ńlá, ẹ ti orí kejì bọ ihò, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí fáàfù ìta. Ohun tó jò ti bá họ́ọ̀sì lọ, ẹ kò rí i, kò rí yín. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ má tún ti inú ṣe o. Tí fáàfù dúdú bá ń jò, tí ti ìta sì wà ní pípadé, ìdọ̀tí lè gba ẹ̀yìn wọ inú táǹkì eérú lọ́jọ́ tí fáàfù eérú kò bá pa dé dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú òórùn yẹn máa gba ihò ibi ìwẹ̀ wá bá òun, ó kù sí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ńlá. Ẹ má ra èyí tó tinrín jù, owó tí ẹ fi pamọ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ yín ni yóò san án. Kí n tó lò ó, mo máa ń gbé e síwájú oòrùn, mo wo gbogbo ibi tó ti ká kò. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ yọ. Téèpù kò wò ó sàn. Orí tó kọjú sí ọkọ̀ ní ìkọ́ tó ń bá àwọn èèkàn kéékèèké ara páìpù lọ́wọ́. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: apá kan mú, apá kejì kò mú, wọ́n rò pé ó ti parí. Ẹ yí i títí kò fi lọ mọ́, kí ẹ wá fà á, kí ẹ mì í. Orí tó wọ ihò, ẹ fi elbow, páìpù kúkurú tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tí ike rẹ̀ mọ́ gaara sí i, ojú ẹ á lè rí ohun tó ń kọjá. Ẹ tì í wọlé dáadáa, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e. Mo ń lo bíríkì kan tí Bàbá Kẹ́mi ń bínú pé mò ń gbé kiri. Nígbà tí fáàfù dúdú bá ṣí, ohun tó ń bọ̀ yẹn lágbára, họ́ọ̀sì tí kò sí ohun tó dì í mú lè ta jáde nínú ihò.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé dúdú là ń kọ́kọ́ dà, eérú á wá fọ họ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ń fi nǹkan kan ṣáájú. Mo ń ṣí eérú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, omi ọṣẹ díẹ̀ ṣàn kọjá, mo tì í. Mo wá rìn láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu ihò, mo ń wo ilẹ̀. Tí ibì kan bá tutù, omi abọ́ lásán ló tutù ún, mo ṣì lè tún un ṣe. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ìgbà yẹn ni mo tó fọwọ́ kan dúdú.

Fáàfù dúdú, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan náà dé òpin. Fífà á díẹ̀díẹ̀ ló ń mú kí tíṣù há. Ẹ sì má dà á nígbà tí kò tíì kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Omi púpọ̀ ló ń gbá ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ ṣí i sílẹ̀ tí ẹ bá wà níbùdó tó ní ihò tirẹ̀. Omi á ṣàn lọ, èyí tó ki á kù sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, á dì bí ẹ̀bà àná. Iná kékeré tó ń sọ bí táǹkì ṣe kún, ẹ má gbà á gbọ́ tán: tíṣù tó lẹ̀ mọ́ ara táǹkì nínú lè mú kó máa purọ́. Mo ń wo elbow. Ó kọ́kọ́ ń kọjá ní kíkan kíkan, ó wá di tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ti fáàfù, mo da omi korobá bíi mélòó kan sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tún ṣí i. Tí ohun tó ń kọjá lójú ike bá ti mọ́ díẹ̀, ó tó. Mo ti dúdú pa, mo ṣí eérú.

Àwọn RV kan ní ẹnu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń fọ inú táǹkì dúdú. Ó dára, àmọ́ ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ọkùnrin kan so omi mọ́ tirẹ̀ ní ibùdó kan tí a wà lẹ́bàá Galveston, fáàfù wà ní títì, ó lọ po kọfí. Táǹkì kún, omi wá ọ̀nà mìíràn, ó gba páìpù atẹ́gùn jáde sórí òrùlé, ó wá ń ṣàn bọ̀ lójú wíńdò ìyàwó rẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí ìyàwó náà sọ.

Láti tú u, ẹ ti fáàfù méjèèjì pa ná, àti ti ìta tí ẹ bá ní in. Ẹ má kọ́kọ́ yọ orí tó wà nínú ihò. Ẹ rọra tú ti ara ọkọ̀, korobá ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ gbé orí yẹn sókè, kí ẹ máa rìn lọ sídìí ihò, kí ẹ máa gbé họ́ọ̀sì sókè bí ẹ ṣe ń lọ, kí gbogbo ohun tó kù ṣàn wọlé. Ẹ fi omi ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ fọ inú rẹ̀ kí orí kejì tó jáde. Omi ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe omi mímu, ẹnu rẹ̀ ti kan oríṣiríṣi. Korobá, inú ihò lẹ máa dà á sí. Ohun tó bá kán sílẹ̀, ẹ fi omi gbá a wọ ihò, ẹ má gbá a sínú koríko. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè kó ọmọ dání.

Ìbọ̀wọ́ wá kù. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ yìí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ má fi gbé fóònù. Ẹ fún ara ìbọ̀wọ́ kan mú níta níbi ọrùn ọwọ́, ẹ bọ́ ọ kí inú rẹ̀ di ìta, ẹ ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ èyí tó kù. Ẹ wá ti ìka tó ti ṣófo bọ abẹ́ èkejì láti inú, ẹ bọ́ ọ kó gbé èkíní mì. Ọwọ́ yín kò kan ìdọ̀tí rárá. Kí ẹ sì tún fi ọṣẹ fọwọ́.

Tí ọwọ́ fáàfù bá ti ń le, ẹ má fi agídí fà á, ẹ má sì da òróró ẹ́ńjìnnì sí i; òróró epo rọ̀bì ń ba rọ́bà jẹ́. Òróró sílíkónì ni tirẹ̀. Ẹ da omi púpọ̀ sínú táǹkì kó rẹ tíṣù tó ti gbẹ, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á nígbà tí ẹ bá ń da á. Tó bá ṣì ń jò, rọ́bà ti lọ. Fáàfù sábà máa ń ní bóòtì mẹ́rin. Ẹ fọ táǹkì kó ṣófo pátápátá kí ẹ tó gbé sípánà, ẹ pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ fi ìka yí etí rọ́bà ká bóyá ibì kan ti ká sínú. Ibi tó bá ká yẹn ni yóò jò.

Àwa ará Texas máa ń rò pé òtútù kò kàn wá. Oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù líle bo Texas, fi hàn wá. Omi tó bá kù sínú páìpù kékeré tí mo ń sọ, tó bá di yìnyín, ó lè la fáàfù. Kí òtútù tó dé, ẹ da táǹkì méjèèjì, kí ẹ wá da omi aláwọ̀ osùn tí kì í tètè di yìnyín, èyí tí wọ́n ń tà fún RV, sínú gbogbo ihò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó dé ìdí fáàfù.

Ibi tí a ń da á sí kò ṣòro rí. Inks Lake State Park ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé epo Pilot Flying J náà ní in, ẹ máa san owó. Tí ẹ bá rí ìlà ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ti wọ ìbọ̀wọ́ kí ó tó kàn yín.