Ọjọ́ Tó Wà Lórí Ìwé: Bí Òṣìṣẹ́ Báńkì Tí Kì Í Gba Èlé Ṣe Ń Ṣe Múrábàhà

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ báńkì tí kì í gba èlé gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, má bi í pé hádíìsì mélòó ló há sórí. Gba fáìlì múrábàhà kan lọ́wọ́ rẹ̀, to ìwé inú rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wo ọjọ́ tó wà lórí wọn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni àmánà rẹ̀ wà.

Nínú múrábàhà, báńkì a ra ọjà, a tà á fún oníbàárà, a sì sọ iye tó rà á àti èrè tó fi lé e. Oníbàárà a máa san án díẹ̀díẹ̀. Owó kì í kan ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tó ń wòran á ní èlé náà ni, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì jóòótọ́ bí ọjà náà kò bá fìgbà kankan jẹ́ ti báńkì. Láàárín ìgbà tí báńkì rà á sí ìgbà tó tà á, bí iná bá jó ọjà, báńkì ni iná jó lówó. Ewu yẹn ló yà á sọ́tọ̀ sí èlé.

Ká ní Àlàájà kan tó ń ránṣọ fẹ́ ẹ̀rọ mónógíráàmù tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Báńkì fẹ́ jèrè ₦400,000, oṣù 12 ni yóò fi san án. ₦200,000 nìyẹn lóṣù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé èló ló ń wọlé fún un. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti san nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á?" Bí ó bá ní òun ti fi ₦500,000 dè é, dúró níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọjà ti di tirẹ̀, kò sì sí ohun tí báńkì fẹ́ rà mọ́. Kí ó gba owó rẹ̀ padà, kí òun àti ọlọ́jà fagi lé àdéhùn wọn, kí ìwé iye ọjà tuntun wá ní orúkọ báńkì. Béèrè ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé Àlàájà fúnra rẹ̀ ló ni ín, owó ló ń wá, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, yóò fọwọ́ sí ìwé ìlérí pé bí báńkì bá ra ẹ̀rọ náà, òun yóò rà á. Ìlérí nìyẹn, ọjà kò tíì wáyé. Báńkì lè gba owó ìdánilójú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, tí báńkì sì ta ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn ní ₦1,850,000, ₦150,000 tó sọnù nìkan ni báńkì lè yọ nínú owó ìdánilójú náà. Ìyókù á padà sọ́wọ́ Àlàájà. Èrè tí báńkì ì bá jẹ kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Wàyí o, lọ ra ọjà. Kí owó lọ tààrà láti báńkì sí àpò ọlọ́jà. Bí ẹ̀rọ mẹ́wàá tó jọra bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, èwo ni tiyín? Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí wọ́n lẹ bébà fàdákà kékeré mọ́, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, yà á ní fọ́tò, kí ọlọ́jà sì fi nọ́ńbà yẹn sínú ìwé tó fi yọ̀ǹda rẹ̀. Má fi Àlàájà ṣe aṣojú báńkì láti rà á àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Àárín ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ á tẹ gbogbo ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, á ní kí Àlàájà fọwọ́ sí i tán kó má baà tún wọkọ̀ wá. Àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé títà ń sọ pé ọjọ́ kẹta oṣù, rìsíìtì ọlọ́jà ń sọ pé ọjọ́ kẹfà. Báńkì ti ta ohun tí kò ní, èyí tí Ànábì kọ̀ fún Hakim bin Hizam, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà rẹ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò Ṣàríà bá rí i, ₦400,000 yẹn kò lè wọ èrè báńkì, sàráà ni wọn yóò fi ṣe. Ẹni tó bá wá fi bírò sọ 3 di 8 ti kúrò nínú àṣìṣe, ó ti wọnú irọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti di ti báńkì, ìgbà yẹn ni kí o tó tà á: "Àlàájà, a ra ẹ̀rọ yìí ní ₦2,000,000, èrè wa jẹ́ ₦400,000, a tà á fún yín ní ₦2,400,000." Kí ó dáhùn pé òun rà á. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Bí báńkì bá san ₦30,000 fún ọkọ̀ tó gbé e, o lè fi kún iye tí ẹ rà á, ṣùgbọ́n sọ ọ́ síta.

Bí ọlọ́jà bá dín ₦50,000 kù ńkọ́? Àlàájà ni ẹ̀dínwó yẹn tọ́ sí. Ohun tó sì jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn nìyí: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ₦50,000 náà máa ń gba ẹ̀yìn wá, nínú àpòòwé, "ẹ fi ra omi". Lárúbáwá ń pe èlé ní riba, àwa Yorùbá ń pe owó ẹ̀yìn ní rìbá. Ẹni tó sá fún ti àkọ́kọ́, tó wá gba ti èkejì, orí Àlàájà kan náà ló ti gbà á.

Bí sísan bá falẹ̀, iye ọjà kò gbọdọ̀ lé. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, fún un ní àyè, bí Àlùkùránì 2:280 ṣe wí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sá, owó ìtanràn tó ti gbà láti san á lọ fún sàráà. Bí ó bá sì tètè san tán, báńkì lè dín in kù fún un, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Fún ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà: CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2011, Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ ní 2012, TAJBank àti Lotus Bank tẹ̀ lé e. Kọ́ ìṣirò owó àti òfin àdéhùn kí o tó sá tẹ̀lé ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, AAOIFI, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú báńkì yìí, tó wà ní Bahrain, ní ìwé ẹ̀rí CIPA fún oníṣirò owó, ó ní ìwé ẹ̀rí CSAA fún ẹni tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò Ṣàríà. Ìlànà Ṣàríà wọn kẹjọ ni ti múrábàhà. Kà á títí yóò fi yé ọ.

Ní ìparí oṣù, ọ̀gá lè ní kí o kọ ọjọ́ àná sórí ìwé títà kí iye tí ẹ fẹ́ dé lè pé. Má bá a jiyàn ní kọ́rídọ̀. Fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, kí o fi ẹ̀ka Ṣàríà sí i: "Ẹ̀rọ kò tíì dé ọwọ́ wa, ọ̀la ni a óò tà á." Kí ọjà náà bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀.